Wọ́n ní bàbá ńlá wa jẹ́ ológun ẹlẹ́ṣin: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Rẹ́mọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ṣàgámù ni ilé wa. Bí wọ́n bá ń ki bàbá mi, wọ́n á ní "ọmọ ẹlẹ́ṣin ogun". Ìtàn tí a sì bá nílẹ̀ ni pé bàbá tó bí bàbá bàbá wọn ló fi ẹṣin jagun. Ogun wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ta ni ọ̀gá rẹ̀? Ẹnu àwọn àgbà kò kò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ogun Ìmàgbọ̀n ni, èyí tí Ìjẹ̀bú bá òyìnbó Èkó jà. Àǹtí wa kan tó wà ní Ìkòròdú ní ogun òyìnbó ni, pé Kàmẹrúùnù ló lọ. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé kò sí ológun ẹlẹ́ṣin kankan ní gbogbo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ rí, pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ kí n má baà fowó ṣòfò?

* * *

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ẹni tó ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí, àmọ́ ó gbé e kọjá ibi tó yẹ. Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ wa láyé ọjọ́un, eṣinṣin tsetse sì kún inú rẹ̀. Bí eṣinṣin yìí bá ti kó àrùn ran ẹṣin, ẹṣin náà á máa rù, á máa gbẹ, kò ní lè sáré mọ́, ikú ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí agbára ẹṣin fi mọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn, lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ Ìlọrin. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń bọ̀ nísàlẹ̀, Òṣogbo ni Ìbàdàn ti ṣẹ́gun wọn ní nǹkan bí ọdún 1840. Ìjẹ̀bú ní tiwọn, ẹsẹ̀ àti ìbọn ni wọ́n fi ń jagun. Ọwọ́ wọn ni ìbọn òyìnbó ti ń gba etí ọ̀sà kọjá lọ sókè, àtìgbà ogun Òwu sì ni ìbọn Ìjẹ̀bú ti ń lé èèyàn sínú igbó.

Àmọ́ ìlú tí kò ní ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin lè ní ẹṣin. Balógun tó bá rí jájẹ á ra ẹṣin. Òkè ni wọ́n ti ń dà á wá, ó wọ́n, kì í sì í pẹ́ kú. Ẹni tó bá gùn ún ń jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé bí èyí bá kú, òun á ra òmíràn. Ẹṣin olóyè nìyẹn. Wọ́n lè gùn ún lọ sí ibùdó ogun, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n wá fẹsẹ̀ wọ ojú ìjà.

Nítorí náà, èmi kò ní bi yín léèrè bóyá bàbá yín gun ẹṣin. Ẹṣin ta ló gùn?

* * *

Ẹni tó kọ̀wé tẹ̀ lé mi ní kí o máa lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tààrà. Má lọ síbì kankan báyìí. Mú bírò, kí o ka ọdún.

Bí wọ́n bá bí bàbá rẹ ní nǹkan bí 1950, ka ọgbọ̀n ọdún sí ìran kọ̀ọ̀kan, kí o máa padà sẹ́yìn. Bàbá wọn á bọ́ sí nǹkan bí 1920, bàbá bàbá wọn sí 1890, bàbá tó bí ìyẹn sí 1860. Ó lè fi ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, pàápàá nílé olóbìnrin púpọ̀ tí àbíkẹ́yìn kì í ti í mọ àkọ́bí bàbá rẹ̀.

Wá gbé ogun ka orí rẹ̀. Ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862, bàbá yìí ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú tí Glover, olórí ìjọba òyìnbó ní Èkó, rán àwọn ọmọ ogun Èkó lọ lé wọn ní 1865, ọmọdé ni. Ogun Kírìjí, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà tí Ìjẹ̀bú náà sì dìde sí Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó sì fà dé 1893. Ibẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀ ti bá ogun mu gẹ́lẹ́. Ìmàgbọ̀n, 1892, ó ṣeé ṣe. Kàmẹrúùnù, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti bá Jámánì jà, 1914 sí 1916, bàbá náà á ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí ọ̀gá òyìnbó tó máa gbé arúgbó gun ẹṣin lọ sójú ogun. Bí ti Kàmẹrúùnù bá jẹ́ òótọ́, ọmọ bàbá yìí ló lọ, wọ́n wá fi ìtàn ọmọ kún ti bàbá. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀. Ẹni tó kú kẹ́yìn nínú àwọn akọni ilé ló sábà máa ń jogún iṣẹ́ gbogbo wọn.

* * *

Lórí Ìmàgbọ̀n, ẹ máa bínú sí mi o.

Mo mọ̀ pé kò sí ilé kan ní Ìjẹ̀bú tí kò ní akọni tó jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ogun náà ṣe lọ. Ẹ̀pẹ́ ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbéra, wọ́n gba ojú ọ̀nà tóóró inú igbó, àwọn Ìjẹ̀bú lúgọ dè wọ́n ní ọ̀nà, wọ́n sì dúró dè wọ́n níbi odò Yemoji. Ìbọn ni àwọn tiwa ń yìn láti inú igbó. Òyìnbó gbé Maxim, ìbọn tó ń yìn léraléra, kalẹ̀. Ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún 1892, wọ́n ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Sọ fún mi, inú igbó yẹn níbo ni ẹlẹ́ṣin ti máa sáré? Bí bàbá yín bá jà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi jà, àyàfi tó bá jẹ́ pé olóyè ni, tí ẹṣin gbé e dé ẹ̀yìn ogun.

Kírìjí ni kí ẹ lọ wò dáadáa. Balógun Ọ̀nàfowókàn kó ogun Ìjẹ̀bú lọ dó sí Òrù lọ́jọ́ pípẹ́. Ibùdó ni, kì í ṣe ìjà ọjọ́ kan. Òrù sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ọjà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ẹrú wà nínú rẹ̀, ẹran wà nínú rẹ̀. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú ti lè máa tọ́jú ẹṣin olórí ogun, tàbí kó máa gùn ún lọ jíṣẹ́. Wọ́n á padà délé, ilé á máa pè é ní ẹlẹ́ṣin.

* * *

Bàbá kan láti Ìpẹru kọ sí mi pé èmi ń fi ọgbọ́n yí ìdílé olóyè padà sí ọmọ ẹ̀yìn ẹṣin. Mo kí i, àgbà ni. Ṣùgbọ́n apá tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ló kàn báyìí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Àwọn tó mọ ẹṣin gùn dáadáa nílẹ̀ wa nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Òkè ni wọ́n ti wá. Ogun kó wọn, wọ́n tà wọ́n láti ọjà dé ọjà títí wọ́n fi dé ọwọ́ oníṣòwò Ìjẹ̀bú. Balógun tó bá ra ẹṣin nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń gé koríko fún un, tó mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, tó lè fi ìjánu sí i lẹ́nu láìjẹ́ pé ó ta á nípàá. Ta ni wọ́n máa fi ṣe é? Ẹni tí wọ́n bí sáàárín ẹṣin ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bá olówó rẹ̀ lọ sógun, ó ń rí ìkógun, ó ń fẹ́yàwó, wọ́n ń fún un nílẹ̀ kọ́lé. Lẹ́yìn ìran méjì, ọmọ ilé ni gbogbo wọn.

Apá kejì wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn kò dúró. Wọ́n sá lọ sí Èkó. Láàárín ọdún 1860 sí 1870 ni Glover ń kó irú àwọn bẹ́ẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ ológun tí wọ́n ń pè ní Hausa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni Hausa. Ọ̀rọ̀ ẹrú tó ń sá lọ bá òyìnbó yìí wà lára ohun tó ba àárín Èkó àti Ìjẹ̀bú jẹ́ fún ọdún púpọ̀. Àwọn ológun Hausa láti Èkó àti Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, sì wà nínú ogun tó wọ Ìjẹ̀bú ní 1892. Nítorí náà, ilé kan lè máa sọ pé "bàbá wa jà ní Ìmàgbọ̀n", kó jẹ́ òótọ́, kí wọ́n má sì bi ara wọn pé ẹ̀yìn ta ló wà.

Mi ò sọ pé ti ilé yín nìyẹn o. Mo ń sọ pé bí o bá dé ọ̀dọ̀ àgbà kan, tí o béèrè ibi tí bàbá ti wá, tí ó ní "fi ìyẹn sílẹ̀, ohun tó bá yẹ kí o mọ̀ lo mọ̀ yẹn", má bá a jà. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dáhùn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, oyè wà níbẹ̀. Ilé tó ń bá ilé mìíràn du oyè kò fẹ́ kí ọmọ tó ti ìlú ńlá dé gbé ìwé síta tí lọ́yà alátakò máa kà ní kọ́ọ̀tù. Mo mọ ìdílé kan tí ọmọ wọn tẹ ìwé ìtàn ilé fún ìsìnkú ìyá àgbà, tí ẹ̀ka kejì sì ra ẹ̀dà mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Inú ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti tún rí ìwé yẹn.

Lọ bá àwọn ìyàwó ilé dípò. Àwọn obìnrin àgbà tí wọ́n fẹ́ wọ ilé yín ló ń ki ọkọ, àwọn ló sì mọ ibi tí oríkì ilé yín ti yà kúrò ní ti àwọn aládùúgbò. Bí wọ́n bá dárúkọ ìlú kan lókè nínú oríkì, má dá wọn dúró láti béèrè. Jẹ́ kí wọ́n kì í tán, kí fóònù máa gbà á sílẹ̀, kí o tún wá lọ́jọ́ mìíràn.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá. Ó ní nínú àjà ilé wọn ni wọ́n ti rí irin méjì tó ti dípẹtà, tí ẹnì kan ní gàárì ẹṣin ni wọ́n ń so ó mọ́, pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Ó fẹ́ fi iyanrìn ha á kó lè dán.

Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀! Fi aṣọ gbígbẹ nù ún lásán. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń gbé. Bó bá fẹ̀ pẹrẹsẹ tí gbogbo ẹsẹ̀ lè jókòó sórí rẹ̀, tí igun rẹ̀ sì mú, irú tòkè nìyẹn. Àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Hausa àti Ìlọrin ló ń lò ó. Bó bá jẹ́ ọ̀pá irin tín-ín-rín tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, tòyìnbó ni. Nínú tòyìnbó, fi ìka wá àmì ọfà kékeré tó ní ẹnu mẹ́ta. Àmì ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrù àwọn ológun. Bí o bá rí i, Kírìjí kọ́ la ń wá mọ́, àwọn sójà òyìnbó la ń wá.

* * *

Àǹtí Ìkòròdú ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn báyìí, nítorí ẹ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní sójà tó ń gun ẹṣin ní Nàìjíríà lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n pa ẹgbẹ́ ológun Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ẹ̀ka tó ń gun ẹṣin wà nínú ti Àríwá. Ẹṣin máa ń gbé wọn dé tòsí ọ̀tá, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á yìnbọn. Wọ́n wà níbi ìjà Tepe, lápá Yola, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1914, ogun náà sì lọ títí tí àwọn Jámánì fi túúbá ní Garua ní oṣù Kẹfà 1915. Òkè ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, nítorí náà ọmọ Rẹ́mọ níbẹ̀ á ṣọ̀wọ́n. Ṣíṣọ̀wọ́n kò ní kó máà sí.

Ibi tí ẹ ti ń pàdánù wọn ni orúkọ. Orúkọ àbísọ àti orúkọ ìlú ni wọ́n sábà fi ń kọ sójà sílẹ̀: Musa Kano, Momo Ilorin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bàbá yín bá wà níbẹ̀, ẹ má wá orúkọ ìdílé yín. Ẹ wá "Ijebu", ẹ wá "Jebu", ẹ wá "Shagamu". Ẹ sì wá orúkọ ìmàle pẹ̀lú, Bakare, Sanni, Seidu, kódà bó bá jẹ́ sọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ilé yín ń lọ lónìí.

Àjọ Commonwealth War Graves, tó ń tọ́jú sàréè àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tó kú sógun, ní àkójọ orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kú nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì pé: ìròyìn tí àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2021 jẹ́wọ́ pé wọn kò kọ orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Bí mẹ́dàlì bá wà nílé, etí rẹ̀ yíká ni kí ẹ wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Nọ́ńbà, orúkọ àti ẹgbẹ́ ológun sábà máa ń wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké.

Ẹnì kan ní bàbá òun náà wà ní "cavalry", ní Abẹ́òkúta, ṣáájú ogun abẹ́lé. Ẹ̀gbọ́n, Recce nìyẹn, ẹ̀ka ológun tó ń ṣamí ọ̀tá. Ọkọ̀ onírin ni wọ́n ń wà, ẹ má da ọ̀rọ̀ rú fún ọmọ ọlọ́mọ.

* * *

Ìwé wá kù. Wọ́n ti kọ ọ́ síbí pé kò sí ìwé kankan lórí wa. Ó wà.

National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kí o kọ́kọ́ lọ. Béèrè fáìlì àwọn tí wọ́n ń pè ní Ije Prof, ìyẹn ti ọ́fíìsì ẹkùn Ìjẹ̀bú láyé òyìnbó. Ìjà oyè, ẹ̀sùn ilẹ̀, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin Rẹ́mọ tilẹ̀ ní àǹfààní kan: nígbà tí ẹ fẹ́ kúrò lábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, Martindale, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó, ṣe ìwádìí ní 1937, àwọn èèyàn sì wá sọ ìtàn ìlú wọn níwájú rẹ̀. Àwọn tí ogun ṣojú wọn ṣì wà láyé nígbà náà, ọmọ wọn náà wà.

Kí o tó lọ, mọ èwo nínú Ṣàgámù ni tiyín. Ìlú mẹ́tàlá ló para pọ̀ síbẹ̀ ní 1872, bàbá tí à ń wá yìí sì ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ó lè jẹ́ Mákún ni wọ́n bí i sí, tàbí Ọ̀fin, tàbí Ìjagba, níbi tí ìlú náà wà tẹ́lẹ̀. Bí o bá ń béèrè Ṣàgámù nínú ìwé ọdún 1865, asán lò ń wá.

Ti Lọ́ńdọ̀nù, nílé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, lẹ́tà Èkó láti 1861 sí 1906 wà nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní CO 147, ti ẹgbẹ́ ológun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì wà nínú CO 445. O lè wo àkọlé wọn lórí fóònù rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Má retí orúkọ sójà kéékèèké níbẹ̀, ti àwọn ọ̀gá ló pọ̀.

Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ ní kọ́ọ̀tù dára, ìran mẹ́rin márùn-ún lè jókòó nínú ìjẹ́rìí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ́rìí fẹ́ borí. Bó bá ní bàbá òun ni akọ́kọ́dé, tí alátakò náà sọ bẹ́ẹ̀, orúkọ tí àwọn méjèèjì jọ dá ni kí o gbà.

Sàréè kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ púpọ̀. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí. Rẹ́jísítà sọ́ọ̀ṣì náà, ẹ̀yìn 1892 ni ọ̀nà wá ṣí gbayawu fún wọn ní Ìjẹ̀bú, o lè rí ibi tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ọmọ bàbá yìí, kí iṣẹ́ bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

* * *

Wọ́n bi mí nípa DNA. Ó lè sọ pé o ní ìbátan lókè, kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni gun ẹṣin. Owó yẹn tó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn tó ń ta ìtàn ìdílé tí wọ́n tẹ̀ sórí káàdì tó ń dán, tí wọ́n ya kìnnìún sí lápá ọ̀tún, ẹ máa gba iwájú wọn kọjá. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà fáìlì tí wọ́n ti rí i hàn yín. Ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe máa dákẹ́.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí kò sọ ibi tó wà: bí ìwádìí bá fi hàn pé ẹlẹ́ṣin ni bàbá wọn, ṣé ìdílé wọn lè wá gun ẹṣin ní Ojúde Ọba, ọdún tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn ilé tó ń gẹṣin wọlé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ilé Balógun àti ilé Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n, bí ilé Balógun Kúkù. Oyè ni Ẹlẹ́ṣin níbẹ̀, Awùjalẹ̀ ló ń fi í jẹ. Sójà tó gun ẹṣin lọ sí Garua kò bá oyè yẹn tan, ẹni tó sì jẹ oyè náà lè má bá ẹnikẹ́ni jà láyé rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ sí i, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti máa mọ̀ yín, wọn kò ní béèrè fáìlì. Bí ẹ kò bá ní, ẹ ní ọmọ wọn kan lọ́rẹ̀ẹ́, kí ẹ bá wọn ra aṣọ ẹgbẹ́, kí ẹ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Ẹṣin yíyá kì í dínwó bí Iléyá bá ti sún mọ́.